Bí Koríko Bá Gba Etíkun

Láti ọdún 2011 ni koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wọ etíkun Kàríbíánì láìgba físà. Cancún ní Mẹ́síkò ò sì gbẹ́yìn. Bó bá ti jẹrà létí omi, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló ń gbé dìde. Ẹni tó wá gbatẹ́gùn á di ẹni tó ń fọwọ́ bo imú.

Owó hòtẹ́ẹ̀lì kúkú ti lọ. Kí ni ṣíṣe? Ẹ gba inú igbó lọ síbi cenote, níbi tí òrùlé àpáta ti já, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì mọ́ gaara débi tí ẹ ó fi rí èékánná ẹsẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣan ìpara oòrùn kúrò lára o, torí omi náà ò gba ẹlẹ́gbin. Tàbí kí ẹ lọ wo pírámíìdì Chichén Itzá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 365, ẹ má fòyà, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gùn ún mọ́. Àtọ̀lẹ àtakíkanjú, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ya fọ́tò.

Ní ìlú Puerto Morelos nítòsí Cancún ńkọ́? Wọ́n ti po koríko òkun ọ̀hún mọ́ amọ̀, wọ́n fi ṣe bíríkì. Àlejò ń ráhùn, onílé ń mọlé.