Ẹsẹ̀ Mi Yá Ju Orí Mi Lọ ní Àjàṣẹ́

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé ṣánlẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ẹni tó bí mi lọ́mọ.

Bọ́ọ̀lù ni à ń gbá o, kì í ṣe ìjà. Àwọn àgbàlagbà kan ní àdúgbò Ouando, ní Àjàṣẹ́, ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní vétérans. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn a gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, wọn a sì jókòó jẹun fún àkókò tó ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Èmi tí mo ti ń lé bọ́ọ̀lù kiri láti kékeré ní Owódé Ẹ̀gbá, tí mo sì ti gba ife-ẹ̀yẹ àdúgbò rí ní Ìbafo (ife oníke ni, ṣùgbọ́n ife ni), mo rò pé torí kí n lè fi bí wọ́n ṣe ń gbá a ní Nàìjíríà hàn wọ́n ni wọ́n ṣe pè mí.

Bàbá náà gba bọ́ọ̀lù lápá òsì. Ó ń gbé e bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ kí àna. Mo rí i pé gbogbo èèyàn ń yà fún un. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ohun tó fà á. N kò bi í. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo yọ bọ́ọ̀lù lọ́nà tí rẹfirí kankan kò lè bá mi wí sí. Bọ́ọ̀lù lọ, bàbá náà sì tẹ̀ lé e.

Pápá pa rọ́rọ́. Kí ló kù tí ọmọ Ẹ̀gbá lè ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, mo dojú bolẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń pín omi wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò rí bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó nà sílẹ̀ nìkan ló rí. Ó sáré dé, ó da odindi korobá omi dídì sí mi lẹ́yìn. Igbe tí mo ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Bàbá ti dìde nígbà yẹn, ó ń gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ gbé e lọ síbi òjìji. Ó jọ pé òun ló ṣèṣe."

Ọkùnrin tó wá fà mí dìde ni mò ń pè ní Kóòṣì títí dòní. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni a wà. Èmi ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Kétu ni ìyá rẹ̀, nítorí náà a jọ ń sọ Yorùbá. Ó tẹnu bọ etí mi: "Tíṣà, ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún níbí, tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ́lé nìkan ló lè yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu jù. Àbúrò onílé rẹ lo gbé ṣubú yẹn."

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Owódé àti Ìdìrókò wà. Ẹni tó bá kúrò ní Ìdìrókò ti bọ́ sí Igolo nìyẹn, ó ti dé ìlú tí wọ́n ti ń ná sẹ́fà. Ìyá mi kò tilẹ̀ gbà pé mo rìnrìn àjò. "Ọmọ ìyá ẹlẹ́ran lọ sí Lọ́ńdọ̀nù," ni wọ́n wí, "ìwọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé." Bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé, mo ń ṣe bí onílé.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn máa ń ṣíwọ́ ní ọ̀sán gangan, wọn kì í padà títí di aago mẹ́ta. Èmi jẹun tán, mo padà ní aago kan, mo ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà títí mo fi jí ọlọ́dẹ lójú oorun, ó sì bínú sí mi fún odindi oṣù kan. Ti máàkì ló burú jù. Ogún ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó gba 10 ti yege. Ẹni tó gba 16, àwọn ará ilé rẹ̀ ti lè ṣe àríyá. Ọmọ kan kọ lẹ́tà tó wù mí, mo fún un ní 19. Bàbá rẹ̀ wọ kóòtù wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá ní ọjọ́ kejì, ó fẹ́ mọ iye tí ọmọ òun fún mi.

Sísáré òwúrọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní Mowe, kí aago márùn-ún tó lù, títì ti kún, àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó ti ń du mọ́tò. Mo rò pé bákan náà ni Àjàṣẹ́ rí. Mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo bọ́ síta nígbà tí ojú ọ̀run ṣì dúdú. Mo dé kọ̀rọ̀ kan, mo rí òkìtì koríko láàárín ọ̀nà. Òkìtì náà yíra padà.

Ẹni tó bá mọ Àgbádárìgì á ti mọ ohun tí mò ń wí. Zángbétọ́ ni, ti àwọn Ègùn, tí ń ṣọ́ ìlú lóru. Èmi tí mo dàgbà sí ìlú Orò, ó yẹ kí n mọ̀ pé òru ní ẹni tó ni ín. N kò dúró kí wọn. Ilẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ rí ní ṣíṣí ni mo bá wọlé, mo bá obìnrin kan nídìí agbada àkàrà. Kò pariwo. Ó kàn ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó." Ìyàwó Kóòṣì ni. Ọkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọṣẹ mì. "Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mú ẹni tó ń sáré lóru," ó ní. "Ẹni tí kò sí ẹni tó ń lé e, tó sì ń sáré, ṣé o fẹ́ kí wọ́n kí i kú iṣẹ́?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ará ilé wọn. Nígbà tí mo lọ ṣọdún Kérésì nílé, mo ní kí n fi oore san oore, mo ra ìrẹsì ọ̀fàdà bọ̀. Ọ̀fàdà gan-an, ìlú tí wọ́n fi ń pe ìrẹsì náà, ẹ̀bá Mowe ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa Ọbáfẹ́mi-Owódé. Mo gbé àpò náà kalẹ̀, mo sì bá tèmi lọ láìṣàlàyé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀fàdà mọ òórùn rẹ̀: rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bí mélòó kan kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ ló ń fà á. Ìyá Ìbejì, ìyàwó Kóòṣì, ṣí àpò, ó rò pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà, ojú sì ń tì í láti sọ fún mi. Nígbà tí mo yà níbẹ̀, àwọn adìẹ wọn ń ṣa nǹkan pupa jẹ nínú àgbàlá. Mo ní, "Ìrẹsì ńkọ́, Ìyá Ìbejì?"

"Ó dùn púpọ̀, Tíṣà. Gbogbo ilé ló gbádùn rẹ̀."

Ará ilé ni adìẹ. N kò lè jiyàn.

Àṣìṣe tí mo fi oṣù púpọ̀ san gbèsè rẹ̀ ni ti oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ pàdé ní Abidjan nítorí Ife Àgbáyé. Mo ń fi Kóòṣì ṣe yẹ̀yẹ́ pé Idì kì í bá ọ̀kẹ́rẹ́ jà, ó ń gbé e ni. Ó rán mi létí pé láti 2022 ni ẹgbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ ti pa orúkọ ọ̀kẹ́rẹ́ tì, Guépards ni wọ́n ń jẹ́, orúkọ ẹranko tí ẹranko mìíràn kò lè bá sáré. Ó tún ní, "Gernot Rohr ló ń kọ́ wa. Ilé yín ló ti wá, ẹ̀yin ló ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mọ ibi tí ẹ ń kó kọ́kọ́rọ́ sí." Mo ní bí wọ́n bá na Nàìjíríà, èmi ni n ó máa fọ aṣọ àwọn vétérans títí ọdún á fi parí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá. Raphael Onyedika jù ú sáwọ̀n, mo gun àga. Jodel Dossou dá a padà, mo sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Steve Mounié tún fi ẹyọ kan kún un. 2–1 ló parí sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àpò ìdọ̀tí kan síwájú ilẹ̀kùn mi, ìbọ̀sẹ̀ àwọn àgbàlagbà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí a fi 3–0 gbẹ̀san ní Uyo ní oṣù kẹsàn-án, Owódé ni mo wà fún ìsinmi. Mo pe Kóòṣì títí, kò gbé e. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

A tún nà wọ́n ní 4–0 ní Uyo, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Victor Osimhen nìkan jẹ mẹ́ta. Mo ti ra aṣọ àwọ̀ ewé tí Kóòṣì máa wọ̀ lọ síléèwé. Àfi bí a ṣe wo tábìlì: Gúúsù Áfíríkà 18, Nàìjíríà 17, Bẹ̀nẹ̀ 17. Gúúsù Áfíríkà ló gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé. Nàìjíríà lọ gbìyànjú sí i ní Mòrókò, DR Kóńgò fi pẹnáritì lé wọn padà. Aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ìwọ̀n XL ni.