Ẹni Tó Ṣu Ní Kí Ẹ̀rọ Gbàgbé

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, èèyàn ni ẹni tó ṣu, èèyàn náà ni ẹni tó kó o. Àmọ́ lóde òní, ẹ̀rọ ni Sábó, àdúgbò kan ní Yaba nílùú Èkó, gbà ní ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa bá wọn kó o. Ẹni tó ṣu sì ti mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí ẹni tó kó o lè gbàgbé.

Kò yani lẹ́nu pé Sábó ni. Lójú ọ̀nà Herbert Macaulay níbẹ̀ ni CcHUB, ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, wà, níbi tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook yà sí lóṣù kẹjọ ọdún 2016. Bí àwọn kọ́ńdọ́ ṣe ń pariwo nísàlẹ̀, lókè ni àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp, tí yóò sì máa bá ọ̀gá rẹ̀ jíṣẹ́. AI agent ni wọ́n ń pè é. Kó má baà di pé àràárọ̀ ló ń bi ọ̀gá rẹ̀ pé "Ta lẹ̀yin?", wọ́n fún un ní ibi tí yóò máa kó ìrántí sí, ìyẹn knowledge graph.

Kò le rárá. Orúkọ ni, àti okùn tó so orúkọ kan mọ́ èkejì, àti àkíyèsí tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Google ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà tó gbé tirẹ̀ jáde lóṣù karùn-ún ọdún 2012. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé MCP, ètò tó ń so AI mọ́ àwọn irinṣẹ́ míì, síta lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù kọkànlá ọdún 2024, irú ìrántí bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn àpẹẹrẹ tó bá a rìn. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ìrántí inú àpẹẹrẹ yẹn. Ẹni tó bá ti rí fáìlì yẹn ṣí, ó di ọ̀gá òpìtàn.

Ká ní aláṣọ kan lọ́jà Sábó, tí wọ́n ń pè ní Alhaja, ń lò ó. Fáìlì rẹ̀ kà báyìí: Ìyá Ṣadé jẹ Alhaja lówó. Ó gba léèsì márùn-ún, ó ní òun á san lọ́jọ́ Jímọ̀. Lábẹ́ orúkọ Alhaja fúnra rẹ̀, àkíyèsí míì wà: inú ń bí i sí Ìyá Ṣadé nítorí owó léèsì.

Ìyá Ṣadé lọ bá ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. "Ọmọ mi, bá mi pa á rẹ́ níbẹ̀."

"Kò sí wàhálà, Mà."

Orúkọ Ìyá Ṣadé lọ, okùn gbèsè bá a lọ. Ṣùgbọ́n àkíyèsí tó wà lábẹ́ orúkọ Alhaja kò kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ kí ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Mà. Inú ṣì ń bí yín sí Ìyá Ṣadé nítorí owó léèsì. Àmọ́ ta ló ń jẹ́ Ìyá Ṣadé?"

Bó bá sì jẹ́ "Ìyá Shade" ni wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tí ọmọ náà ní kí wọ́n pa "Ìyá Ṣadé" rẹ́, ẹ̀rọ kò ní jiyàn. Yóò ní òun ti pa á rẹ́, obìnrin náà yóò sì wà níbẹ̀ tòun ti gbèsè rẹ̀, torí lójú ẹ̀rọ, Shade kì í ṣe ẹbí Ṣadé. Alhaja ní tirẹ̀ kò nílò fáìlì kankan. Ó mọ àwọ̀ léèsì márààrún.

Àwọn tó lágbára ju Ìyá Ṣadé lọ ti dán irú rẹ̀ wò, kò sì jìnnà sí Sábó. Lóṣù karùn-ún ọdún 2012 kan náà, lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó, ìyẹn UNILAG, tó wà ní Akọka ti di Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bu ọlá fún ni Abíọ́lá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1962 ni orúkọ àkọ́kọ́ ti wà nínú òfin, lára ìwé ẹ̀rí, lẹ́nu àwọn awakọ̀. Orúkọ kan ni Ààrẹ yí. Wọn ò fọwọ́ kan gbogbo okùn tó so mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí títì, àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ náà fárígá, ìjọba sì rọra padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. UNILAG ṣì ni UNILAG.

Ẹni tó ń pa nǹkan rẹ́ ṣì sàn. Àwọn kan ń fi irọ́ kún un. Lọ́dún 2024, lẹ́yìn tí OpenAI fún ChatGPT ní ìrántí, Johann Rehberger, onímọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé ìwé tí ẹlòmíì kọ lè ti irọ́ bọ inú ìrántí náà láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Ẹ̀rọ náà gbà pé ẹni ọdún 102 ni ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, àti pé pẹlẹbẹ ni ayé.

Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ tó bá ṣì nípa rẹ̀ kọ, tàbí kí wọ́n pa èyí tí kò yẹ kó wà mọ́ rẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kí ẹ̀rọ máa fi irọ́ lé kiri. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rọ purọ́ mọ́ àti ẹni tó jẹ gbèsè léèsì, bọ́tìnì kan náà làwọn méjèèjì ń tẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: bí wọ́n bá yí nǹkan padà nínú ìrántí rẹ̀, ṣé a óò rí orúkọ ẹni tó yí i, ọjọ́ tó yí i, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bó bá ní kò sírú ẹ̀, ẹ kó owó yín padà sápò.