Ìbọn Náà Fẹ́ Wẹ̀

Ní ìlú Ìtagunmodì, wúrà wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò dógùn-ún. Ṣùgbọ́n irin ìbọn kì í ṣe wúrà: ṣakabùlà tí ọdẹ yìn lóru, tí kò fọ̀, lè ti máa pọ́n bí epo kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Iyọ̀ tó wà nínú èérí ẹ̀tù ló ń fa omi mọ́ra. Omi gbígbóná àti àkísà ti tó láti fọ èérí náà kúrò. Bí ìbọn bá gbẹ tán, ká fi epo díẹ̀ pa á lára. Ṣùgbọ́n àwọn kan á gbé omi gbígbóná wọ balùwẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á rọ ọ́ìlì ọ̀kadà síbọn tí wọn ò fọ̀. Ọ́ìlì yẹn àti èérí ẹ̀tù á sì di ọ̀dà. Ìbọn kọ̀, ẹran lọ, wọ́n ní ọ̀tá ló fi oògùn dè é! Ẹ̀yin bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, kí ẹ wá fọ̀ ọ́.