Alángbá Kì í Sanwó Fọ́tò

Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ẹni tó ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ní oníbàárà kan tí kì í sọ pé, "Ẹ jẹ́ n tún fìlà mi ṣe." Alángbá ni. Akọ rẹ̀ á máa yá oòrùn lórí ògiri, orí rẹ̀ á pupa bí epo, á sì máa mi orí. Ayàwòrán á rò pé ó ti fọwọ́ sí i. Irọ́ ni o! Ó ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ilẹ̀ yìí ní olóhun.

Kòkòrò tún wá le jùyẹn lọ. Bí lẹ́ńsì bá ṣe sún mọ́ ọn tó ni ibi tó máa mọ́ kedere ṣe ń kéré tó. Ojú á hàn ketekete, ìdí á di kùrukùru.

Ènìyàn ńkọ́? Lọ́dún 1978, olùwádìí kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa fọ́tò àwọn Yorùbá lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún: àgbàlagbà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ á wà lórí orúnkún. Ẹ wá lọ ya màmá àgbà láti ẹ̀gbẹ́ wò. Á ní, "Ojú mi kejì dà?"

Ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde ni nǹkan máa ń yí padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Ojúde Ọba. Ní ti ọdún 2024, Farooq Oreagba gun ẹṣin tòun ti awò dúdú àti sìgá, fọ́tò rẹ̀ sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Látìgbà náà, kò sí ẹlẹ́ṣin tí kò mọ ibi tí kámẹ́rà wà. Ẹṣin nìkan ni kò tíì mọ̀, ìdí ló ń kọ sí i.