Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alùbọ́sà Onílẹ́tà Rẹpẹtẹ

Alùbọ́sà, aláṣọ-lórí-aṣọ,

Mo kí ọ o, níbi tí o gúnwà sí nínú agbọ̀n ilé ìdáná mi. Ó yẹ kí ojú ti ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ, nítorí lẹ́tà bíi bílíọ̀nù 16 ti wà nínú ara rẹ kí tèmi tó dé. Lẹ́tà DNA ni mo ń wí: A, C, G àti T. Èmi tí mo ń gé ọ sọ́bẹ̀, bílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ ni mo ní. (Ẹ̀dà kan ni mo kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa o, méjì méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì.) O fi ìlọ́po márùn-ún jù mí! Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ kò ju kí o ti Sókótó wọ lọ́rì wá sí ọjà Mile 12, kí o sì pa wá lẹ́kún.

Má tíì wú. Ní 2007, T. Ryan Gregory, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ní Kánádà, fi ọ́ ṣe òṣùwọ̀n. Ó ní kí ẹni tó bá sọ pé gbogbo DNA ló níṣẹ́ ṣàlàyé ohun tí alùbọ́sà ń fi ìlọ́po márùn-ún tènìyàn ṣe. Kò tán síbẹ̀: nínú ẹbí rẹ gan-an, àwọn kan ní bílíọ̀nù 7, àwọn mìíràn lé ní 30. Ṣé èyí tó ní 30 ló gbọ́n jù ni?

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ, àwọn adàrakọ ni: apá DNA tó ń kọ ara rẹ̀ lákọtúnkọ, tó sì ń fò lọ ba síbòmíràn. Ara àgbàdo ni Barbara McClintock ti kọ́kọ́ rí irú wọn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1983. N kò lè bú ọ jù, nítorí wọ́n wà lára èmi náà. Ọ̀kan wà tó gùn tó 300 lẹ́tà, ẹ̀dà rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan lọ nínú mi. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Alu. Bẹ́ẹ̀ ni, Alu! Ìwọ ń jẹ́ alùbọ́sà, èmi ni mo ru Alu.

Ṣùgbọ́n gígùn ní ibi tó ti ní òfin. Mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà inú jíìnì tó bá fẹ́ fi ṣe purotéènì. Wo gbólóhùn yìí: Ayọ̀ fún Adé obì. Yọ lẹ́tà àkọ́kọ́, kí o sì tún kà á ní mẹ́ta mẹ́ta: yọ̀f úna déo bì. Ó ti di wótowòto. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ mẹ́ta, tí “fún” kúrò pátá, gbólóhùn á máa tiro, síbẹ̀ a ṣì gbọ́ Ayọ̀, a gbọ́ Adé, a sì mọ̀ pé obì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àfikún àti àyọkúrò tó là á já nínú irú jíìnì bẹ́ẹ̀ fi sábà máa ń jẹ́ 3, 6 tàbí 9. Ẹni tó bá ṣi ìṣirò, ẹfolúṣọ̀n ti gbá a dànù. Níta jíìnì, ẹnikẹ́ni kì í ka mẹ́ta mẹ́ta. Ibẹ̀ ni igbó ti kún.

E. coli, bakitéríà inú ìfun wa, kò gba irú igbó bẹ́ẹ̀ láàyè ní tirẹ̀. Mílíọ̀nù 4.6 lẹ́tà péré, jíìnì sì kún un fọ́fọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Michael Lynch àti John Conery, sọ ní 2003 pé iye ẹ̀dá ló fà á: níbi tí wọ́n ti pọ̀ bí iyanrìn, ẹrù kékeré náà ń pa ẹni tó rù ú láyò, níbi tí wọ́n ti kéré, ẹrù ń yọ́ wọlé. Mo gbà fún wọn dé àyè kan, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ tó rí jágbajàgba yẹn ṣì ń rú mi lójú.

Ó dára, àǹfààní kan wà. Ẹni tí DNA rẹ̀ gùn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sábà máa ń tóbi. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ ni ọmọ ilé ìwé fi ń kọ́ bí a ti ń wo sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ maikirosikóòpù. Ó kéré tán, o wúlò fún WAEC.

Epo ti gbóná. Bí mo bá fi ọ̀bẹ kàn ọ́ báyìí, omi á bọ́ lójú mi, ìwọ á sì rò pé ìlara lẹ́tà ni.

Èmi ni tìrẹ,
Onílẹ́tà bílíọ̀nù 3