Ìwé Ìròyìn Àwọn Onísinimá àti Àgbákò Ẹni tí Ó Ń Kó Wọn Jọ

Ìwé ìròyìn àwọn onísinimá ni àwọn ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un fún ẹni tí ó ni ilé sinimá, tí ó gbọ́dọ̀ mọ fíìmù tí yóò yá, iye tí yóò san lórí rẹ̀, àti irú ìpolówó tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri kí èrò má baà wọ́n. Moving Picture World, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1907, lókìkí láàárín wọn. Exhibitors Herald tí Martin Quigley dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1915 kò kéré, bẹ́ẹ̀ náà ni Boxoffice tí Ben Shlyen ń tẹ̀ ní Kansas City. Ìròyìn àga tuntun àti ẹ̀rọ tí ń fi fíìmù hàn kún inú wọn, ṣùgbọ́n ibi tí adùn wà ni abala tí Exhibitors Herald pè ní What the Picture Did for Me, níbi tí àwọn onísinimá ìlú kéékèèké ti ń kọ̀wé láìfi bò pé fíìmù báyìí mú owó wọlé tàbí pé ó lé èrò lọ. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ òṣèré, òun ni ó sì ti òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí sínú wàhálà kíkó wọn jọ tí a fẹ́ ṣàlàyé.

Orúkọ àwọn ìwé náà ni ó kọ́kọ́ mú un ṣìnà. Láàárín ìparí 1927 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1928, Moving Picture World bọ́ sọ́wọ́ Quigley, ó pa á pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1931, lẹ́yìn tí Motion Picture News náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo wọn di Motion Picture Herald. Òǹkọ̀wé náà, tí kò tíì ka ìtàn yìí, ń kọ̀wé sí àwọn òǹtàwé káàkiri pé òun ń wá Moving Picture World ti 1929, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn pé àwọn kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ṣọ̀wọ́n gidi, tí ó sì ń fi owó lé iye tí ó fẹ́ san.

Àwọn onísinimá ìgbà náà ní ẹ̀sùn kan tí kò kúrò lẹ́nu wọn, èyíinì ni block booking, àṣà tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá fi ń di fíìmù papọ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ yá èyí tí ó dára gbọ́dọ̀ yá èyí tí kò dára mọ́ ọn, tí wọn kò sì tíì ya púpọ̀ nínú wọn rárá nígbà tí onísinimá ń bọwọ́ ìwé. P. S. Harrison, tí ó dá Harrison's Reports sílẹ̀ ní 1919 tí kò sì gba ìpolówó fíìmù sínú rẹ̀, bá àṣà yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà tó dá a lẹ́kun nínú ẹjọ́ Paramount ní 1948. Òǹkọ̀wé náà mọ gbogbo èyí dáadáa, ó tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àlejò nídìí oúnjẹ; síbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn òǹtàwé, àdìpọ̀ tí kò tú wò ni ó ń rà.

Èyí tí ó dùn ún jù ni ìdìpọ̀ Motion Picture Herald kan tí ilé ìkàwé kan ti fi páálí líle dì, tí ẹni tí ó tà á sì búra pé ojú ewé kan kò dín níbẹ̀. Òǹkọ̀wé náà jókòó, ó ka nọ́ńbà ojú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ọ̀kan tí ó fò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn ewé ìpolówó aláràbarà, tí àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ń tẹ̀ fúnra wọn lórí bébà tí ó nípọn, tí wọ́n sì ń kó fún olóòtú kí ó rán wọn mọ́ àárín ìwé, kì í sábà ní nọ́ńbà, nítorí náà bí ẹnì kan bá gé wọn kúrò, òǹkà kò lè tú àṣírí rẹ̀. Àwọn ewé wọ̀nyí gan-an ni àwọn tí ń ta àwòrán ń wá, torí ẹyọ kan nínú wọn, bí ó bá jẹ́ ti King Kong ọdún 1933, lè pa owó ju gbogbo ìyókù ìwé lọ. Nígbà tí òǹkọ̀wé náà ṣí ìdìpọ̀ náà sábẹ́ iná, ó rí àwọn kùkùté bébà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá òwú tí wọ́n fi rán an, abẹ ti rẹ́ wọn gbọọrọ, àwọ̀ pupa sì ṣì hàn létí díẹ̀ nínú wọn. A kò ní dárúkọ iye tí ó rà á níhìn-ín, nítorí ìyàwó rẹ̀ a máa kàwé Yorùbá.

Ìwé fúnra rẹ̀ náà a máa tan ni jẹ. Kí àsìkò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa polówó fíìmù tí ó pinnu láti ṣe, tòun ti orúkọ òṣèré, kí onísinimá lè tètè bọwọ́ ìwé. Òmíràn nínú wọn a pààrọ̀ òṣèré, òmíràn kì í jáde rárá. Ní 1931, Universal polówó Frankenstein pẹ̀lú orúkọ Bela Lugosi, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ olùdarí fíìmù James Whale, Boris Karloff ni ó ṣe ẹbọra inú rẹ̀. Òǹkọ̀wé náà rí ìpolówó yìí, ó sì dìde nínú ìpàdé àwọn olólùfẹ́ sinimá àtijọ́ láti kéde pé òun ti rí ẹ̀rí fíìmù kan tí ó sọnù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tani ju ẹ̀sín lọ.

Ti omi tún yàtọ̀. Bébà dídán ní amọ̀ funfun lára, bí omi bá kàn án tí ó sì gbẹ, ewé a lẹ̀ mọ́ ewé, wọn kì í sì í ṣeé yà mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ìwé fi máa ń gbé ìwé tí ó tutù sínú ẹ̀rọ tí ń sọ omi di yìnyín kí wọ́n tó mú un gbẹ díẹ̀díẹ̀. Omi wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí òǹkọ̀wé náà ń kó ìwé sí, òun náà, tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sá gbogbo ohun tí ó bá rin, sá wọn sóòrùn. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ìwé ọdún kan ti lẹ̀ di ẹyọ kan, èyí tí bébà rẹ̀ kò dán sì ti pọ́n bí àkàrà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó yà kí i béèrè bóyá ó ń ta wọ́n ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹnì kan fi hàn án pé Media History Digital Library, tí David Pierce dá sílẹ̀, ti gbé irú ìwé wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá ọdún ìdìpọ̀ tirẹ̀ kàn níbẹ̀, tòun ti àwọn ewé aláràbarà.

Ó ku Boxoffice, tí ó ní ẹ̀dà mẹ́sàn-án fún ẹkùn mẹ́sàn-án, tí ọ̀pọ̀ ojú ewé wọn bára mu, ṣùgbọ́n tí ìròyìn agbègbè inú wọn yàtọ̀. Òǹkọ̀wé náà rí déètì kan náà lára ìwé méjì-méjì, ó kà wọ́n sí àtúntẹ̀, ó sì ta ìdajì wọn fún òǹkójọ mìíràn, ẹni tí ó dúpẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó bẹ ọkùnrin náà pé kí ó tà wọ́n padà fún òun. Ọkùnrin náà gbà, bí òǹkọ̀wé náà bá lè ra páálí ìwé ìpolówó ẹ̀rọ gúgúrú kan mọ́ wọn, kò sì gbà kí ó ṣí páálí náà wò. Òǹkọ̀wé náà ti fi owó ránṣẹ́.