Ẹran Dà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó rí níbi tí àwọn ayafọ́tò ti ń gbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún ara wọn l'Ékòó, ẹ mọ ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí. Kámẹ́rà olówó gọbọi rọ̀ sọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ìdérí kò sì kúrò lójú kámẹ́rà náà rí. Kì í ya nǹkan kan. Àbùkù ló ń ṣà.

Fọ́tò oúnjẹ ló máa ń yá a lára jù. Ó gbà pé ẹni tó bá ti lẹ́nu láti jẹun ti lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó rẹ́ ilá ní ìbú, èyí tó sábà máa ń yọ igun márùn-ún bí ìràwọ̀, ó tò ó káàkiri orí àmàlà dúdú. Ó kán gbẹ̀gìrì díẹ̀ sókè, òṣùpá nìyẹn. Òru lèèyàn kọ́kọ́ ń rí. Ìgbà téèyàn bá rẹ́rìn-ín tán ló ń mọ̀ pé oúnjẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n fajú ro. "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ẹran dà?"

Lọ́dún 1930, Edward Weston ará Amẹ́ríkà gbé ata ńlá kan sínú àrọ, ó yà á, ó pè é ní Pepper No. 30. Títí dòní, àwọn kan ń rí ẹ̀yìn èèyàn tó ká kò nínú ata yẹn. Ká ní ẹ̀gbọ́n wa wà níbẹ̀, á béèrè tòmátì àti àlùbọ́sà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àtàǹpàkò rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, á fẹ fọ́tò títí ilá kan ṣoṣo á fi gba gbogbo ojú fóònù, á wá ní kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ orí pépà, á gbé àtàǹpàkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kúrò lé e: "Gé e níbí." Á sún un síwájú: "Gé ibí náà." Òróró ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá gé gbogbo ibi tó tọ́ka sí, àtàǹpàkò nìkan ni ì bá kù nínú fọ́tò.

Àléébù gidi sì wà níbẹ̀ o. Etí abọ́ yọ ní igun òsì, ó ń dán, ó sọ òru di orí tábìlì padà. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún un ṣe. Orí etí abọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n gbé àtàǹpàkò lé, kò rí i.

Tí ojú ọmọ bá wá fà ro, á ní: "Èmi ò mọ ẹ̀tàn án ṣe. Òótọ́ korò." Irọ́ ni! Ewúro náà korò, a ṣì ń fọ̀ ọ́ ká tó gbé e fún àlejò.

"Ẹ ṣé, sà," lọmọ náà wí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé fọ́tò ìrẹsì wá, itan adìẹ kan nà gbalaja lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló pàtẹ́wọ́.